Ìbọn Ẹlẹ́ṣin Àtijọ́ àti Ìtàn Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Àṣà ìwé yìí ni kí a máa fi ojú-ìwé díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ìtàn, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ sọ. Kí àyà ẹnikẹ́ni má ṣe já. Kì í ṣe ìbọn ìjà, ìbọn tí ó ti fi ìjà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni.

Ohun méjì ni ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Èkíní, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí wa pé òun rí ìbọn kúkúrú kan ní ilé ìtajà ohun àtijọ́. Àwọn tí ń tà á sọ fún un pé kábáìnì ni, irú èyí tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, àti pé láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó bi wá léèrè bóyá irú rẹ̀ ṣì wà nílé.

Èkejì, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri, wọ́n júwe ilé ìyá àgbà kan fún wa ní Mákòkò níhìn-ín, pé ìbọn àtijọ́ tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà ní àjà. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìbọn ti lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ìyá ti tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, bí wọ́n sì ti ń fi ìwọ̀n wọn irin yòókù ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. A ní, “Ìyá, èéṣe tí ẹ fi tà á?” Ìyá dáhùn pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, òrùlé ń jò, ìbọn náà sì ti dípẹtà. Irin ni èmi rí, ẹ̀yin ni ẹ rí ìtàn. Èéṣe tí ẹ kò tètè wá?” A kò rí èsì fọ̀. Nítorí ìbéèrè ìyá yìí ni a ṣe kọ àròkọ yìí.

IRÚ ÌBỌN TÍ Ó JẸ́

Kò sí ẹni tí kò mọ ṣakabùlà ní ilẹ̀ wa. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń da ẹ̀tù sí i. A ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó fi ọta tẹ̀lé e, a ó tún fi ọ̀pá kì í, kí a tó wá fi ẹ̀tù díẹ̀ sí etí rẹ̀ níbi tí òkúta yóò ti ṣáná sí i. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, ìbọn di igi lásán. Ẹni tí ó dúró ki ìbọn lójú ogun, ẹran ìjẹ ni fún ọ̀tá. Bí ó bá sì wà lórí ẹṣin, wàhálà náà di ìlọ́po méjì, nítorí ọwọ́ kan ni ó wà fún ìjánu, ọwọ́ kan tí ó kù kò sì lè gún ọ̀pá sí ẹnu ìbọn gígùn lórí ẹṣin tí ń sáré.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn mọ́ra. Nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, kábáìnì Sharps àti Spencer ni ó gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin. Ti Sharps, a ó fa irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí ìbọn yóò ṣí, a ó ti ọta kan bọ̀ ọ́. Ti Spencer, ọta méje ni ó ń gbé pamọ́ sínú igi tí a ń gbé lé èjìká. Kúkúrú ni wọ́n, kí wọ́n má baà dí ẹni tí ó gun ẹṣin lọ́wọ́.

Ní ọdún 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jacob Snider. Wọ́n gé ẹ̀yìn ìbọn Enfield àtijọ́ wọn, wọ́n sì fi ìdérí irin kan sí i tí ó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìdérí àpótí. Bí a bá ti yìn ín tán, a ó ṣí ìdérí náà, a ó fà á sẹ́yìn, a ó dojú ìbọn délẹ̀ kí èèpo ọta tí ó ṣófo lè jábọ́, a ó fi òmíràn sí i, a ó dé e. Níbi tí ẹni tí ń lo ìbọn àkì-lẹ́nu yóò ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ó mọ Snider lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ṣe gígùn fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ṣe kúkúrú fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí ìbọn Martini-Henry gba ipò rẹ̀ ní 1871, Snider di ohun tí àwọn oníṣòwò lè kó kiri ayé.

BÍ Ó ṢE DÉ OGUN KÍRÌJÌ

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú rẹ̀, ogun sì bẹ́. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn aládùúgbò wọn di ọ̀kan, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ògèdèngbé ará Iléṣà ni ó wá di olórí ogun wọn. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó ṣáájú Ìbàdàn. Àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àgọ́ méjèèjì kọjú sí ara wọn. Ṣakabùlà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn sì ni ogun mọ́ lára jù.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kò ti ojú ogun wá, Èkó ni ó ti wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní Èkó nígbà náà, àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ Sàró, tí a ti kó lẹ́rú rí tàbí tí a bí fún àwọn tí a kó lẹ́rú, tí wọ́n sì ti padà láti Sàláónù. Wọ́n di oníṣòwò, wọ́n di ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ilé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Èkìtì Parapọ̀ náà pè. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn Snider àti ọta rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò láàárín wọn sì lọ sí àgọ́ láti lò ó àti láti kọ́ àwọn ará ilé. Ìró ìbọn ogun náà ni àwọn ènìyàn gbọ́ tí wọ́n fi pè é ní Kírìjì. Ìbàdàn tí ó ti máa ń borí rí wá rí i pé ọta ń ba òun láti ibi tí ọta òun kò lè dé. Òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ẹrù ń gbà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀tù pàápàá sì di ọ̀wọ́n fún Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1872, ọ̀nà mìíràn ti ṣí ní ìhà ìlà-oòrùn, èyí tí Gómìnà Glover sapá fún. Ọkọ̀ yóò gba ojú ọ̀sà láti Èkó, yóò gba etí omi àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, ẹrù yóò sì gun òkè lọ sí Òǹdó, kí ó tó kọjá sí Iléṣà àti Èkìtì. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tí ẹ wà láàárín wa, omi àwọn baba yín ni ọ̀nà yìí.

Látòóṣà kú ní àgọ́ ní 1885. Ní ọdún 1886 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, ti ṣe wàhálà lílọ bíbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, ọdún 1893 ni àgọ́ tó tú pátápátá.

TI ÌHÀ ÌWỌ̀-OÒRÙN

Ẹ̀yin Ègùn, ẹ má ṣe rò pé ìtàn àwọn ará òkè nìkan ni èyí. Ní ọdún 1890, nígbà tí Béhànzìn ọba Dàhómì kọ́kọ́ bá Faransé jà lórí ọ̀rọ̀ Kútọnù àti Àjàṣẹ́, ìbọn àkì-lẹ́nu ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ogun rẹ̀. Ó rí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kí ogun kejì tó dé ní 1892, ó ti ra ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, iye wọn lé ní 1,000, pẹ̀lú àgbá Krupp. Oríṣiríṣi ni wọ́n: Chassepot tí àwọn Faransé fúnra wọn ti lò rí, Snider, Winchester, àti Spencer, kábáìnì àwọn ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Báyìí ni ìbọn tí a ṣe fún ogun òkè òkun ṣe wá bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dàhómì, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ṣùgbọ́n ríra ìbọn kì í ṣe mímọ ìbọn lò. Àwọn Faransé tí wọ́n bá wọn jà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun náà gbóyà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń yìn ín láti ìbàdí bí wọ́n ti ń yin ti àtijọ́, ọta sì ń gba òkè lọ. Ní oṣù kọkànlá 1892, Faransé wọ Agbómẹ̀. Ní 1894 Béhànzìn jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sí ìgbèkùn.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín. Tòfà ọba Àjàṣẹ́ wà lẹ́yìn Faransé, àwọn baba ọ̀pọ̀ Ègùn sì ti sá fún ogun Dàhómì rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìbàdàn wà ní àdúgbò wa lónìí, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà sì wà. Ìbọn kan náà tí ó jẹ́ ìgbàlà nínú ìtàn ilé kan, ẹkún ni nínú ìtàn ilé kejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ìbọn báwọ̀nyí gbọ́dọ̀ tọ́jú ìtàn tọ̀tún tòsì pẹ̀lú rẹ̀. Mákòkò tí ó wà létí ọ̀sà Èkó, tí omi ìlà-oòrùn àti omi ìwọ̀-oòrùn pàdé níwájú rẹ̀, tí Ègùn, Ìlàjẹ àti àwọn Yorùbá yòókù jọ ń gbé, kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI ṢỌ̀WỌ́N

Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ìpàdé ní Brussels, wọ́n sì ṣe òfin tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, kí ó má ṣe wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà ni wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Ní oṣù karùn-ún 1892, nígbà tí Ìjẹ̀bú pàdé ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọ̀n, ìbọn Maxim tí ń yìn léraléra ni ó dá wọn lóhùn.

Láti ìgbà náà ni ìbọn Snider àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Alágbẹ̀dẹ ilé lè ṣe ṣakabùlà, ó sì lè tún un ṣe. Òkúta tàbí irin wẹ́wẹ́ lè di ọta rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń dún títí di òní níbi ìsìnkú ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọta Snider, ilé iṣẹ́ òkè òkun ni ó ń ṣe é. Nígbà tí ọta tán, ìbọn di ohun ìwòran. Wọ́n fi òmíràn sí ojúbọ Ògún, wọ́n gbé òmíràn sí àjà, alágbẹ̀dẹ sọ òmíràn di àdá àti ọkọ́. Ní etí omi bí tiwa, atẹ́gùn iyọ̀ àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí irin pẹ́. Bí iná kò bá sì jó ilé, wọ́n lè wó o, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wó àwọn ilé orí omi wa ní oṣù keje 2012. Ẹni tí ń sá kó ọmọ àti àwọ̀n jáde kì yóò rántí ìbọn ògbólógbòó.

ÀWỌN TÍ Ń KÓ WỌN JỌ

Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí iṣẹ́ ìgbádùn wọn ni láti kó kábáìnì àtijọ́ jọ. Kì í ṣe láti yìn wọ́n, bí kò ṣe láti mọ ìtàn wọn. Wọ́n ń ka àmì ara irin bí ẹni ń ka ilà ojú. Adé ọba àti lẹ́tà V.R. fi hàn pé láyé Fikitóríà ni. Orúkọ Enfield fi ilé iṣẹ́ ìjọba hàn. Lẹ́tà ELG nínú àyíká kékeré fi hàn pé ìlú Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí a ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ní àyè tirẹ̀ fún ohun àtijọ́ tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ má ṣe ra ọ̀kan kí ẹ sì tì í sínú àpótí wá sílé. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, pín ìbọn sí ìpín mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn àkì-lẹ́nu wà ní ìpín kẹta, a kò sì gbọdọ̀ ní wọn láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn kò sí nínú ìpín yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ogbó ìbọn ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ ilẹ̀ yìí jáde láìgba àṣẹ. Òfin ti wà lórí èyí láti 1953, a sì tún un fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1979.

Ibi tí ó tọ́ kí irú ohun bẹ́ẹ̀ wà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kenneth Murray, ẹni tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ohun àtijọ́ ní 1943, fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ yìí kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan tó ṣí ní 1957. Oníkan kò jìnnà sí wa. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ ọ̀nà ibẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Lákọ̀ọ́kọ́, bí ìbọn àtijọ́ bá wà ní ilé yín, ẹ má ṣe gbé e kiri, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, kí ẹ má sì ṣe dán an wò. Ọta tí a fi sí i láyé àwọn baba ńlá lè ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ẹ fi tó ẹgbẹ́ létí, kí a lè bá àwọn ọlọ́pàá àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó bófin mu.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí òkúta ha ìpẹtà rẹ̀, nítorí àmì ara rẹ̀ ni ìwé ìbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ha á ti ya ìwé náà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ta ni ó ni ín, níbo ni ó ti rí i, ogun wo ni, omi wo ni ó gbà wá? Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù, òun náà sì kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ Obadiah àbúrò rẹ̀ tí ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, kí ni à bá mọ̀ nípa Kírìjì lónìí? Ìbọn tí kò ní ìtàn, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ìbọn rẹ̀ ti lọ ṣì jẹ́ ìtàn. Nítorí èyí ni a ṣe padà lọ sí ilé ìyá àgbà wa. A jókòó, ó sọ ohun tí ó rántí nípa bàbá ọkọ rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Ègùn àti ní Yorùbá. Ẹgbẹ́ sì fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òrùlé tí ń jò náà, nítorí a kò lè máa gba ìtàn lẹ́nu ẹni tí òjò ń pa.

Ẹ̀kọ́ kan ni ó kù. Àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ó wà ní Èkó nígbà náà jẹ́ irú ẹgbẹ́ tí àwa náà jẹ́ lónìí: àwọn ọmọ ilé tí wọ́n jáde, tí wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n sì fi ohun tí ilé nílò ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ tiwọn, ìbọn ni ilé ń bèèrè. Ní ọjọ́ tiwa, ilé ẹ̀kọ́, omi mímu àti ilé ìwòsàn ni ilé ń bèèrè. Bí àwọn tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀sà ni ọ̀nà wọn, tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti fi ojú winá ìgbèkùn, lè dá owó tí ó yí ogun padà, àwa tí a ní ilé ìfowópamọ́ àti ọkọ̀ òfuurufú kò ní àwáwí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí ìbọn má dún mọ́ láàárín wa, kí ìtàn rẹ̀ má sì parẹ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a tún ríra ní àmọ́dún. Àṣẹ.